Màmá Alálùmọ́gàjí àti Àpótí Tó Kọ̀ Tí Kò Tan

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kì í ṣàgídí, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn ní kó gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé ìránṣọ kan tó wà lókè ilé ìtàwé, kó bi àwọn obìnrin ibẹ̀ léèrè, kó wá gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá Alálùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ dé síbi iṣẹ́, bó ṣe máa ń rí láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ó ṣí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọjú sí títì, ó nu ojú tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, ó sì nawọ́ sí àpótí kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkángun tábìlì náà, ó tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀. Fáànù inú àpótí yẹn yí díẹ̀, nǹkan kan dún "tíkì" nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Fáànù yí díẹ̀, tíkì, ó dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra pẹ́ kó tó gbé ìka kúrò, bí ìgbà tí èèyàn ń bẹ ọmọ tó ń bínú. Tíkì kan náà ni.

"Ó ti dé nìyẹn," ló sọ fún ara rẹ̀. "Lónìí gan-an lo wá rí ọjọ́ tó o máa yàn!"

Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni obìnrin yìí. Ó tín-ín-rín, ó yára lẹ́sẹ̀, téèpù ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìfowópamọ́ rí, kò mọ̀ títí tó fi padà dé. Alálùmọ́gàjí tí wọ́n ń pè é, nítorí àlùmọ́gàjí ńlá kan tó ní ni, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá. Ẹni tó bá fi gé bébà, kó yáa ti ibẹ̀ gba ilé lọ. Ìyá tó bí Ọ̀gá wọn ló gbà á síṣẹ́. Nígbà tí ìyá yẹn kú tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jogún ilé ìránṣọ, ó jogún ẹ̀rọ mẹ́wàá, ó jogún gbèsè díẹ̀, ó sì jogún Màmá.

Láyé ìyá yẹn, bébà ni wọ́n fi ń ṣe pátáànì, ìyẹn àwòrán apá, àyà àti ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń tẹ́ lé aṣọ kí wọ́n tó gé e. Ìṣó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn sára ògiri. Òjò jò sí àwọn kan, eku jẹ àwọn kan, àwọn tó kù gbó títí tí àmì ara wọn ò hàn mọ́. Ìdí nìyí tí Ọ̀gá fi ra kọ̀ǹpútà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, pẹ̀lú pírińtà fífẹ̀ kan tó ń tẹ pátáànì jáde. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ọ. Àwọn mẹ́ta kọ́ ọ lóòótọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ibòmíràn lọ kí ọdún tó yí po. Màmá wọ̀tún wòsì, kò rí ẹnì kankan, ló bá ní, "Ẹ gbé e wá síwájú mi."

Ẹ̀rín pa wọ́n lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Màmá ní ọkọ kan nílé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Bàbá yìí ló ń ka ìwé ìlò kọ̀ǹpútà náà sókè fún un nírọ̀lẹ́, bí Màmá ṣe ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Apá aṣọ àkọ́kọ́ tí Màmá yà sórí ẹ̀rọ yẹn, erin lè wọ̀ ọ́. Íńṣì ni ẹ̀rọ ń kà, sẹ̀ǹtímítà ni òun ń kọ sí i. Àǹtí Bọ́tìnì, ẹni tó ń di bọ́tìnì mọ́ aṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ló ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ apá aṣọ kan ṣoṣo yẹn tó ń fò káàkiri yàrá. Màmá ò bínú. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Kí ọdún kejì tó parí, gbogbo ohun tó wà lára ògiri ti wọ inú àpótí yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló sì gbé e wọ̀ ọ́.

Ohun tó wá mú kí tíkì ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn já a láyà nìyí. Ọmọ àbúrò Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Máníjà. Ó kàwé, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, aṣọ rẹ̀ kì í sì í rún. Láti oṣù mélòó kan ló ti ń sọ létí Ọ̀gá pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú tó ń bá èèyàn gé aṣọ. Pé kí wọ́n máa kó aṣọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbé tábìlì ìgéṣọ jù nù, kí wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin sí àyè rẹ̀.

"Màmá náà ti ṣiṣẹ́," á ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi."

Ẹ ò gbọ́ ẹnu dídùn! Ẹni tó bá fẹ́ lé àgbà kúrò lórí ìjókòó kì í pariwo mọ́ lóde òní, ìsinmi ló máa ń pè é. Ọ̀gá ò tíì gbà fún un. Ohun tó ń dá a lóhùn ni pé níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, aṣọ ò ní jáde. Kọ̀ǹpútà nìkan ló wá dúró láàárín Màmá àti ìsinmi tí kò tọrọ. Lọ́jọ́ yẹn sì rèé, aṣọ iṣẹ́ méjìdínláàádọ́ta fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé. Rólù aṣọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọ̀ ewé, ó ga tó àyà èèyàn.

Kó tó pe ẹnikẹ́ni, Màmá kọ́kọ́ wo ohun tó wà nítòsí. Ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ki ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó fi itọ́ sí ìka, ó fi kan áyọ́ọ̀nù náà. Ó dún "ṣììì". Iná wà níbẹ̀. Ó yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí ojú kọ̀ǹpútà, nítorí irú kan náà ni wọ́n, ó fi so àpótí. Tíkì. A jẹ́ pé wáyà ò jẹ̀bi. Ohun tó ń ṣe é wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù fi máa dé, tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ì bá ti gba inú ilé, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè rán. Obìnrin mọ́kànlá jókòó, wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Máníjà wọlé, ó wo àpótí, ó wo Màmá.

"Ṣé ẹ pa á dáadáa lánàá, Màmá? Àbí ẹ kàn fa wáyà yọ?"

"Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pa á," ni Màmá dá a lóhùn. "Lánàá nìkan ni mo wá gbàgbé?"

"Ọjọ́ orí ni, Màmá. Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá wọ egungun. Àǹtí Bọ́tìnì pòṣé sínú àtẹ bọ́tìnì tó ń ṣà, ó ṣe bí ẹni pé bọ́tìnì ló ń pòṣé fún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ títì. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, fóònù rẹ̀ ò sì dákẹ́. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná fún inú rẹ̀, ó fi tuntun kan dán an wò. Tíkì. Ó gbọn orí.

"Mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú, Ọ̀gá," ló wí. Ó nàka sí pátákó gbàgìdì kan tí gbogbo nǹkan inú àpótí so mọ́. "Ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí irú rẹ̀. Mo máa sáré dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi kan, bó bá di aago méjì àbọ̀, màá padà wá gbé e."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú Màmá ló sì ṣe dàgbà, abẹ́ tábìlì ìgéṣọ yìí ló ti máa ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò lè wo Màmá lójú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè jẹ́ kí ilé ìwòsàn máa dúró. Máníjà, pe ilé-iṣẹ́ yẹn. Kí wọ́n wá kó aṣọ ní aago mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì ti kó o lọ báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tábìlì yìí ti parí. Mi ò fẹ́ tàn yín jẹ."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá," ni Màmá wí.

Ó jáde sórí àtẹ̀gùn, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó rò fún un. Bàbá ní, "Ó dáa, máa bọ̀ nílé. A jọ máa jókòó." Ire ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá rí àga méjì lójú ara rẹ̀, ó rí fèrèsé kan, ó rí aago ara ògiri tó ń lọ, ẹ̀rù sì bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ibẹ̀ ló dúró sí tí ọ̀rọ̀ kan fi wá sí i lọ́kàn. Òkú kì í mí. Bó bá jẹ́ pé pátákó yẹn kú ni, kí ló ń yí fáànù nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì? Ó ń fẹ́ dìde, nǹkan kan ló ń dá a padà. Ó rántí ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tó wà nídìí fèrèsé, tí òwú bá ti lọ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, á dún lẹ́ẹ̀kan, á sì pa ara rẹ̀ kí mọ́tò rẹ̀ má bàa jó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á yọ òwú.

Ó padà wọlé. Ẹnjiníà ti ń palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́.

"Ẹnjiníà, dákun, fi sukudiráfà rẹ sílẹ̀ fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

"Mo fẹ́ tú u."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. "Ẹ tú u, Màmá. Ohun tó ti kú kì í tún kú. Kí ẹ ṣáà yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ó gbé sukudiráfà lé tábìlì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Aago méjìlá ku díẹ̀ nígbà yẹn. Máníjà wo Màmá bó ṣe ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n má tún ba ohun tó kù jẹ́. Àǹtí Bọ́tìnì ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ti gbé àtẹ bọ́tìnì rẹ̀ dé, èyí tó ní ilé kéékèèké mẹ́rìnlélógún, ó da bọ́tìnì inú rẹ̀ sínú abọ́, ó gbé òfìfo rẹ̀ síwájú Màmá.

"Ẹ máa fi ìṣó rẹ̀ síbí, kí ti ibì kan má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ibòmíràn," ló wí. "Ẹ rọra ṣe é o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Máníjà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aránṣọ ṣe ń tún aṣọ tó bá wọ́ ṣe, kí ẹ lè lóye ohun tí Màmá ṣe. Bí ojú rírán bá wọ́, ọ̀lẹ á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, á ní ó ti nà. Aránṣọ gidi á tú u. Á máa tú u lọ sẹ́yìn títí á fi dé ibi tí aṣọ náà ti dọ́gba, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an padà láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, á máa wò ó lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Màmá ò mọ orúkọ ìdajì ohun tó wà nínú àpótí yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan.

Ó yọ wáyà iná, ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan kí iná tó bá ṣẹ́kù lè jáde. Ó fọwọ́ kan irin àpótí bí ìwé tí ọkọ rẹ̀ kà ṣe wí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó fa ilà funfun kan sára wáyà àkọ́kọ́ àti ojú ihò rẹ̀, ó fa méjì sára èkejì, mẹ́ta sára ẹ̀kẹta. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Ó yọ ohun tó ń tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́, ìyẹn èyí tí gbogbo pátáànì wà nínú rẹ̀, ó fi aṣọ rírọ̀ kan wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e fún Àǹtí Bọ́tìnì pé kó dì í mú. Ó dá wáyà iná padà, ó tẹ bọ́tìnì. Tíkì. Ó yọ ohun mìíràn, ó dán an wò. Tíkì. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kù pátákó nìkan nínú irin, tó ṣì ń dún tíkì.

Aago kan ti kọjá. Òógùn ti bò ó. Àwọn obìnrin ti yí tábìlì ká. Bí ẹ bá bi í léèrè nígbà yẹn, kò ní purọ́ fún yín: ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Kò sí ohun tó kù tó lè tú mọ́, àfi pátákó náà fúnra rẹ̀.

"Ó parí nìyẹn," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Kò tíì parí," ni Màmá dáhùn. "Ó ku aṣọ inú, ohun tó wà lábẹ́ pátákó yẹn."

Ìṣó mẹ́fà ló de pátákó náà mọ́ irin àpótí. Ó yọ wọ́n, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ilé rẹ̀ nínú àtẹ bọ́tìnì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pátákó náà jáde, ó tẹ́ ẹ lórí páálí tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí níbi tí wáyà rẹ̀ ti lè tó o. Ó so iná. Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì.

Fáànù yí. Kò dúró. Ó yí, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn tútù sí gbogbo wọn lójú.

"Hẹ̀ẹ́ẹ̀!" Igbe tí Àǹtí Bọ́tìnì ké, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì gbójú sókè. "Òkú dìde! Òkú ọ̀sán gangan!" Ó ti fẹ́ máa fò, ó rántí ohun tó gbé mọ́yà, ó jókòó padà wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e lé tábìlì, ó sáré lọ sí yàrá kejì láti lọ pe Ọ̀gá, àwọn obìnrin yòókù sì tẹ̀ lé e gìrìgìrì bí ẹni pé Ọ̀gá kan ṣoṣo yẹn máa gba èèyàn mẹ́wàá kí wọ́n tó rí i pè. Máníjà wà lẹ́nu fèrèsé, ó kọ̀yìn sí wọn, ó ń fi fóònù júwe ọ̀nà fún awakọ̀ tó ń bọ̀ wá kó aṣọ.

Orí Màmá ń ṣiṣẹ́. Bí pátákó bá ń ṣiṣẹ́ lórí páálí, tí kò ṣiṣẹ́ nínú àpótí, a jẹ́ pé ohun tó ń dè é wà láàárín òun àti irin. Ó tan tọ́ọ̀ṣì wo inú àpótí tó ti ṣófo. Kò rí nǹkan kan. Ó wá ní kóun fi òòfà wò ó, ó nawọ́ sí ibi tí òòfà máa ń wà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan òòfà náà, ohun tó ti fi í ṣe wá sí i lọ́kàn.

Gbogbo aránṣọ ló ń lo òòfà láti fi kó píìnì jọ. Ti Màmá jẹ́ èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, ó wúwo, ó sì lágbára. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí àyè há lórí tábìlì, ó rí i pé irin ni ara àpótí kọ̀ǹpútà, ló bá lẹ òòfà náà mọ́ òkè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ó rọrùn gan-an. Á máa gé aṣọ, á máa yọ píìnì, á máa jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwẹ̀yìn, òòfà á sì máa gbà á mọ́ra. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i pé ó gbọ́n.

Ó gbọn píìnì ara òòfà náà sórí tábìlì, ó kì í bọ inú àpótí, ó fà á lọ ní ìsàlẹ̀ irin níbi tí pátákó máa ń wà. Ó gbọ́ ìró kékeré kan, "tín". Ó gbé e jáde. Píìnì kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́ ọn, ó ti tẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Òun nìkan ló ń lo olórí yẹ́lò nínú gbogbo ilé náà.

Ẹ̀yin náà ẹ dúró síbi tó dúró sí, kí ẹ wò ó. Kò sẹ́ni tó rí i. Lórí tábìlì yẹn gan-an, píìnì olórí yẹ́lò ogójì ló wà níbẹ̀; bó bá tì í mọ́ àárín wọn, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ó lè ní ìdọ̀tí ló há síbẹ̀. Ó lè ní òun náà ò mọ̀. Ó ká píìnì náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá pátákó padà sáyè rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá fi máa jáde, ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọlé. Màmá ń tẹ̀ lé ilà ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan mọ́ ọ̀kan, méjì mọ́ méjì, ó ń so wọ́n padà, ó sì ń dán an wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ẹnjiníà gun àtẹ̀gùn dé ní aago méjì àbọ̀, ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn. Màmá so èyí tó kẹ́yìn. Ó tan ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ó tan. Gbogbo rẹ̀ tan! Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, àwọn orúkọ jáde tẹ̀ léra wọn, apá, àyà, ẹ̀yìn, ọrùn, pátáànì méjìdínláàádọ́ta ti ilé ìwòsàn pé pérépéré. Yàrá náà bú gbàmù. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu tábìlì, Àǹtí Bọ́tìnì gbá Màmá mọ́ra débi pé téèpù ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un pa. Omi lé ròrò sójú Ọ̀gá.

Ẹnjiníà sún mọ́ àpótí, ó dẹ etí sí i, ó wo ilà ṣọ́ọ̀kì, ó wo àtẹ bọ́tìnì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?"

Ariwo rọlẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Màmá wo Máníjà, ó wo Ọ̀gá, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Píìnì ni," ló wí. "Píìnì mi ni. Èmi ni mo lẹ òòfà mọ́ òkè àpótí, tí mo sọ ọ́ di ibi ìkópíìnsí. Ọ̀kan bọ́ gba ihò wọlé, ó há sáàárín pátákó àti irin, ni ẹ̀rọ bá ń gba ara rẹ̀ là, ó kọ̀, kò tan. Ẹ má bi ẹlòmíràn. Èmi ni mo pa á, èmi náà ni mo sì jí i."

Máníjà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ fúnra yín! Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àwọn ni wọ́n bà á jẹ́!"

"Mo gbọ́," ni Ọ̀gá wí. Ó mú píìnì náà lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ẹnjiníà, ìwọ ńkọ́? Ṣé o rí i?"

Ẹnjiníà ṣí fìlà. "Mi ò rí i, Ọ̀gá. Mi ò gbé pátákó yẹn sókè. Ọ̀nà mìíràn ni ọkàn mi wà, mo kàn sọ pé ó ti kú." Ó yíjú sí Màmá. "Mo tọrọ àforíjì. Ẹ máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ilà ṣọ́ọ̀kì yìí, torí ó ti sú mi láti máa wá ibi tí wáyà ti wá."

"Wá lọ́jọ́ Sátidé," ni Màmá wí. "Kí o sì pa fóònù rẹ kí o tó wọlé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Máníjà, gbọ́ mi dáadáa. Píìnì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa tá a wà níbí, ẹnì kan ló wá a rí, ẹni yẹn kan náà ló sì mú un wá fi hàn mí nígbà tó lè gbé e pa mọ́. Ta ni kí n fún ní aṣọ mi gé bí kò ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Fèrè ọkọ̀ dún ní ìsàlẹ̀, pííìn, pííìn. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Àwọn tó fẹ́ kó aṣọ ti dé," ni Máníjà wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n fún wàhálà wọn, kí o ní a ti ń gé e. Tí o bá gòkè padà, o óò bá Màmá gbé rólù yẹn sórí tábìlì, torí ó wúwo."

Ó lọ. Ó padà wá. Ó gbé e. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gbé e dáadáa, ó tilẹ̀ ní, "Màmá, ẹ ṣeun," láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó sọ ọ́. Màmá ti gbé òòfà jìnnà sí àpótí fúnra rẹ̀, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìṣó kan lára ògiri ní ọ̀kánkán, àwọn obìnrin sì ń bi í bóyá kí wọ́n gbé ògiri náà lọ fún Ẹnjiníà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Pírińtà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà jáde, ó gùn, ó funfun. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ń retí rẹ̀.

Bó ṣe tẹ́ pátáànì àkọ́kọ́ lé aṣọ ni fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n ti kó aṣọ náà lọ?" Ohùn Bàbá rọ̀, bí ohùn ẹni tó ti gbé àga kan sílẹ̀ de èèyàn.

"Wọn ò kó o lọ o. Ẹ̀rọ ti tan."

"Ó tan? Ta ló tún un ṣe?"

Màmá wo yàrá náà ká. Ó rí i pé kò sídìí kankan tóun fi máa rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi ni!"

Màmá gbọ́ tí ọkùnrin náà fa ikun sókè.

"Tún un sọ," ló wí. "Dákun, tún un sọ kí n gbọ́ ọ."

"Mo ní èmi ni!" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ ilé ìwòsàn. "Ẹ jẹun o, ẹ má dúró dè mí. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi."